Fíìmù Kan, Àwòrán Méjìlá: Láti Àkúrẹ́ dé Oǹdó

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ló ti gba Àkúrẹ́ kọjá rí, yálà ẹ ń lọ sí Benin ni tàbí ẹ ń bọ̀ láti Iléṣà. Ẹ bọ́ sílẹ̀ ní gáréèjì, ẹ ra búrẹ́dì àti omi tútù, ẹ tún padà wọ ọkọ̀. Bí a bá bi yín léèrè ohun tí ẹ rí ní ìlú náà, ẹ ó dárúkọ títì ńlá, ilé epo, báǹkì àti èrò rẹpẹtẹ. Kò sí irọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìlú mìíràn wà lẹ́yìn àwọn nǹkan wọ̀nyí, ìlú amọ̀ àti òpó, èyí tí ẹni tí ń sáré kì í rí. Ohun kan tí mo mọ̀ tí ó lè dá ènìyàn dúró kí ó tó rí i ni kámẹ́rà tí kò lè ya ju àwòrán méjìlá lọ kí fíìmù rẹ̀ tó tán.

Ẹ má rẹ́rìn-ín o. Mo mọ̀ pé fóònù tó wà lápò ọmọ ilé-ìwé lè ya ẹgbẹ̀rún àwòrán kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìdí rẹ̀ gan-an nìyẹn tí ọmọ náà kì í fi í wo ohun tí ó ń yà. Ẹni tó ní méjìlá péré, tó sì mọ iye tó ra fíìmù, ni yóò dúró, tí yóò wo ọ̀tún, tí yóò wo òsì, tí yóò sì bi ara rẹ̀ pé, “Ṣé èyí tó bẹ́ẹ̀?” Ní tèmi, owó fíìmù kan tó owó ọbẹ̀ ọjọ́ mélòó kan nílé mi, ìyàwó mi kì í sì í jẹ́ kí n gbàgbé.

Kámẹ́rà tèmi kì í ṣe tuntun. Yashica-Mat ni, irú èyí tí àwọn ará Japan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ní 1957. Rolleiflex ti àwọn ará Jámánì, tí ó jáde ní 1929, ni a lè pè ní bàbá gbogbo irú kámẹ́rà bẹ́ẹ̀. Ojú méjì ló ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bí ìbejì tí ọ̀kan gun èkejì lórí. Èyí òkè ni a fi ń wo ohun tí a fẹ́ yà. Èyí ìsàlẹ̀ ló ń yà á. A kì í gbé e sójú rárá. Ọrùn ni a ó ti gbé e kọ́, yóò sinmi lé àyà wa, a ó sì tẹrí ba láti wo gíláàsì tó wà lórí rẹ̀. Níbẹ̀ ni ilé, igi àti òkè yóò ti hàn, tí ọ̀tún yóò di òsì, tí òsì yóò di ọ̀tún. Ẹni tó bá kọ́kọ́ lò ó, bí ó bá fẹ́ yí i sọ́tùn-ún, òsì ni yóò máa yí i sí. Títẹrí ba yìí ní èrè tirẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, bí ẹ ó ṣe rí i láìpẹ́.

Fíìmù tí ó ń lò ni wọ́n ń pè ní 120. Ilé-iṣẹ́ Kodak ló kọ́kọ́ mú un jáde ní 1901, wọ́n sì ń ṣe é títí di òní. Àwòrán kọ̀ọ̀kan tó wà lórí rẹ̀ jẹ́ igun mẹ́rin ọgbọọgba, mìlímítà 56 lóròó, 56 níbùú. Ti fíìmù kékeré, èyí tí ọ̀pọ̀ fọ́tógíráfà wa lò kí kámẹ́rà aláìlófíìmù tó dé, kò ju mìlímítà 24 sí 36 lọ. Mo fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní ìṣirò náà láti ṣe: 3,136 ni ti àkọ́kọ́, 864 ni ti èkejì. Ńlá ju kékeré lọ ní ìlọ́po mẹ́ta àti ààbọ̀ ó lé díẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta aṣọ, ẹ̀yin ló máa tètè yé: ọ̀pá kan kò lè ṣe agbádá, bó ti wù kí télọ̀ mọṣẹ́ tó. Bí a bá fẹ́ kí ògiri ààfin tóbi lórí ìwé, kí ihò tí àgbọ́n gbẹ́ sínú amọ̀ rẹ̀ sì ṣì hàn kedere, fíìmù gbọ́dọ̀ ní àyè tí yóò fi gba gbogbo rẹ̀. Nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ òṣùpá ní 1969, fíìmù tó fẹ̀ jù báyìí lọ díẹ̀ ni wọ́n fi sínú kámẹ́rà Hasselblad tí wọ́n gbé lọ. Èmi kò lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀. Àárín Àkúrẹ́ ni mo ti bẹ̀rẹ̀.

Ààfin Déjì wà ní àárín gbùngbùn ìlú, Ọjà Ọba tí wọ́n ń pè ní Erékèsán sì kọjú sí i. Ìtàn àwọn àgbà sọ pé Ọmọ́rẹ̀mílẹ́kún, tí a mọ̀ sí Aṣọdẹbóyèdé, ọmọ ìran Odùduwà, ni ó ṣọdẹ láti Ilé-Ifẹ̀ dé ibẹ̀ tó sì tẹ ìlú dó. Orúkọ rẹ̀ fúnra rẹ̀ sọ pé ọdẹ ló ṣe tó fi bá oyè dé. Àwọn kan sọ pé àkún tó wà lọ́rùn rẹ̀ ló já, pé ìgbà tí wọ́n kígbe pé “Àkún rẹ́” ni ìlú ti gba orúkọ. Ìjọba àpapọ̀ ti ka ààfin àtijọ́ yìí mọ́ àwọn ibi àjogúnbá orílẹ̀-èdè. Wọ́n ti ń kọ́ ààfin ìgbàlódé tó tóbi jù ú lọ sí apá gúúsù rẹ̀, ṣùgbọ́n ti àtijọ́ ni mo bá wá.

Ní ọjọ́ tí mo lọ, èmi kò yọ kámẹ́rà jáde nínú àpò. Mo kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀ kí àwọn àgbà tó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, mo sọ orúkọ mi, mo sọ ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ni, mo sì sọ ohun tí mo fẹ́. Bàbá kan wò mí láti òkè délẹ̀.

“Tíṣà, ẹ fẹ́ ya Kábíyèsí?”

“Rárá o, Bàbá. Ògiri ni mo fẹ́ yà.”

Wọ́n wo ara wọn lójú. Gbogbo ẹni tó ń wá sí ààfin fẹ́ dúró ti Ọba, tàbí ti ìjòyè, tàbí kí wọ́n kàn yà á níwájú mọ́tò ẹlòmíràn. Ẹni tó wá nítorí ògiri kò pọ̀. Bàbá náà ní kí n mú ẹ̀rọ ọ̀hún jáde kí àwọn rí i. Nígbà tí ó rí i pé mo ní láti tẹrí ba níwájú ààfin kí n tó lè yà á, inú rẹ̀ dùn, ó ní kámẹ́rà yìí ní ẹ̀kọ́ ilé. Ó yan ọmọkùnrin kan tì mí, ó sì sọ àwọn ibi tí n kò gbọdọ̀ ya fún mi. Mo gbà. Bí àwòrán kò bá tó, ọ̀wọ̀ tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ibẹ̀ ti rí fún ẹni tí kò dé ibẹ̀ rí. Ààfin ilẹ̀ wa kì í ṣe ilé kan ṣoṣo tó ga fíofío bí ti àwọn ọba Yúróòpù. Àgbàlá ni, àgbàlá lẹ́yìn àgbàlá, tí yàrá àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká, tí òrùlé rẹ̀ sì rọ̀ sínú láti ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, tó fi jẹ́ pé àárín ni òjò ń rọ̀ sí. Ní Àkúrẹ́, ùà ni wọ́n ń pe irú àgbàlá bẹ́ẹ̀, ó sì ju mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ nínú ààfin yìí. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ùà Ìkómọ wà fún ìsọmọlórúkọ. Ùà Ùbúra wà fún ìbúra nìkan. Ẹ rántí pé ohun tí àwa ń pè ní ìbúra, ùbúra ni lẹ́nu ará Àkúrẹ́. Ẹ ronú ilé tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan ní yàrá tirẹ̀. Lónìí, nínú gbọ̀ngán kan náà tí a yá fún wákàtí mẹ́rin ni a ti ń ṣe ìgbéyàwó, ìpàdé ẹgbẹ́ àti ìkíni òkú, àga rọ́bà kan náà ni a sì ń jókòó lé.

Ṣùgbọ́n àgbàlá ṣòro yà. Òòrùn ń dà sí àárín rẹ̀ bí omi, abẹ́ òrùlé sì dúdú. Ojú ènìyàn lè rí méjèèjì pọ̀, nítorí ojú a máa yí ara rẹ̀ padà. Fíìmù kò mọ ìyẹn. Bí a bá fún un ní ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó yẹ àárín àgbàlá, òpó àti ilẹ̀kùn yóò di èédú. Bí a bá fún un ní ti abẹ́ òrùlé, àárín yóò funfun bí ìyẹ̀fun. Ohun tí mo ṣe ni pé mo dé ibẹ̀ ní agogo méje òwúrọ̀, kí òòrùn tó wọ inú àgbàlá. Nígbà náà ni ìmọ́lẹ̀ máa ń tutù, tí ó sì máa ń tàn dé gbogbo ìhà lọ́gbọọgba. Mo gbé kámẹ́rà lé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, nítorí ojú rẹ̀ ní láti là fún ìdajì ìṣẹ́jú-àáyá, kò sì sí ọwọ́ tí kì í gbọ̀n fún ìwọ̀n ìgbà bẹ́ẹ̀. Ọmọkùnrin tí wọ́n yàn tì mí ń dá èémí dúró nígbàkúùgbà tí mo bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́, bí ẹni pé èémí rẹ̀ lè mi ògiri.

Ìṣòro kejì ni gíga. Bí a bá gbé imú kámẹ́rà sókè kí orí òpó lè wọlé, ògiri yóò fẹ̀yìn lélẹ̀ bí ọ̀mùtí nínú àwòrán. Àwọn fọ́tógíráfà ọlọ́jọ́-ìbí kì í ka èyí sí, ṣùgbọ́n ilé tó dúró ṣánṣán fún ìran mélòó kan kò yẹ kí a fi í hàn bí ohun tó fẹ́ ṣubú. Kí kámẹ́rà dúró gbọọrọ, kí ayàwòrán fà sẹ́yìn, bí ó bá sì ṣeé ṣe kí ó gun nǹkan, oògùn rẹ̀ nìyẹn. Wọ́n gbé àpótí kan wá fún mi. Láti orí rẹ̀ ni mo ti ya àwòrán tó wù mí jù lọ lọ́jọ́ náà, ògiri kan tí ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ń fẹ̀gbẹ́ kàn. Amọ̀ la fi ń mọ ilé láyé àtijọ́, ní ìpele ìpele. Wọn a mọ ọ̀kan, wọn a fi sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí wọ́n tó gbé èkejì lé e. Lábẹ́ rẹ́rẹ́ tí wọ́n ti ń rẹ́ ẹ láti ọdún dé ọdún, mo rí ojú ìpele wọ̀nyẹn lórí fíìmù, wọ́n hàn fírífírí bí egungun ìhà màlúù.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé èmi ni mo dá irú iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Ní Benin tí kò jìnnà sí wa, Olóyè Solomon Osagie Alonge, tí wọ́n bí ní 1911 tó sì kú ní 1994, ni fọ́tógíráfà ààfin Ọba, ó sì ti ń ya àwòrán fún ààfin láti ìgbà Ọba Akenzua Kejì. Ní 2014 wọ́n to àwọn àwòrán rẹ̀ fún aráyé wò ní Washington. Ohun tó dùn mí ni pé àwọn ìlú wa tí ó kù kò ní Alonge tiwọn, tàbí bí wọ́n bá ní, fíìmù rẹ̀ ti bàjẹ́ sínú páànù bisikíìtì lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì ẹnì kan. Òórùn àti ooru ilẹ̀ wa kì í ṣàánú fíìmù. Ibi tó gbẹ, tó tutù díẹ̀, nínú àpò ìwé, ni kí ẹ máa tọ́jú rẹ̀ sí. Kí ẹ kọ orúkọ ibi àti ọjọ́ sára àpò náà. Àwòrán tí kò ní orúkọ, láàárín ogójì ọdún yóò di ti ẹni tí a kò mọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta oṣù kejì ọdún 1976 ni wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀ láti ara Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn, Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni títì ti ń fẹ̀, tí ilé ìjọba sì ń pọ̀. Èmi kò bínú sí i. Láti ara rẹ̀ ni owó oṣù wa ti ń wá. Ṣùgbọ́n títì kì í fẹ̀ láìjẹ ilé ẹnì kan, ilé àtijọ́ ló sì sábà máa ń jẹ.

Fíìmù mi kù àwòrán méje nígbà tí mo dé gáréèjì. Mo rò ó bóyá kí n yà sí Ìdànrè, nítorí kò ju ogún kìlómítà ó lé díẹ̀ lọ sí Àkúrẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ ya òkè ní ilẹ̀ Yorùbá kò gbọdọ̀ kú láìdé ibẹ̀. Òkúta ńláńlá dúró gọngọ káàkiri bí àgbà tó pé jọ sí ìpàdé, àtẹ̀gùn tí a ó gùn dé ìlú àtijọ́ tó wà lókè sì ju 600 lọ. Ibẹ̀ ni àwọn ará Ìdànrè gbé pẹ̀lú ààfin Ọwá wọn kí wọ́n tó sọ̀ kalẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún tó kọjá, ó sì ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO gbà sí àjogúnbá àgbáyé láti 2007. Ṣùgbọ́n ọyẹ́ ń jà lọ́jọ́ náà. Lásìkò ọyẹ́, eruku a bo ojú òkè débi pé òkúta àti sánmọ̀ a di ọ̀kan. A lè fi gíláàsì aláwọ̀ ìyeyè tàbí ti ọsàn bo ojú kámẹ́rà kí ó lè gé kùrukùru náà kù nínú àwòrán dúdú-òun-funfun, síbẹ̀ ó ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, lẹ́yìn tí òjò bá ti fọ ojú ọ̀run, ni kí ẹ lọ. Mo wọ ọkọ̀ Oǹdó.

Láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó kò ju nǹkan bí àádọ́ta kìlómítà lọ. Igbó ló wà lọ́tùn-ún àti lósì, pẹ̀lú kòkó lábẹ́ igi ńlá, ọ̀gẹ̀dẹ̀ sì wà lẹ́bàá títì ní Ọwẹ̀nà, níbi tí awakọ̀ wa ti dúró tó sì ra èrìgì mẹ́rin láìbi ẹnikẹ́ni nínú wa bóyá a ń kánjú. Kòkó yẹn ni kí ẹ fọkàn sí. Òun ló kọ́ Oǹdó tí mo fẹ́ ya.

Oǹdó Ekìmògún, ìlú tó ní ìtàn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ìtàn wọn sọ pé obìnrin ni ẹni àkọ́kọ́ tó jọba níbẹ̀, Pupupu, ọmọ Odùduwà, tí ó jẹ́ ìbejì. Ọmọ rẹ̀ ló jẹ tẹ̀ lé e, láti ìgbà náà ni ọkùnrin ti ń jẹ Òṣemàwé. Síbẹ̀ títí di òní, kò sí Òṣemàwé tí a lè fi jẹ láìsí ọwọ́ Lọ́bùn, obìnrin olóyè tí ọjà wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tí ẹ ń ka ìwé yìí, ẹ gbọ́ tiyín. Ìsìn Kristi náà ti pẹ́ níbẹ̀. Ní ìlú yìí ni Charles Phillips ti ṣe iṣẹ́ ìránṣẹ́ kí wọ́n tó fi í joyè bíṣọ́ọ̀bù ní 1893.

Ṣùgbọ́n ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àtijọ́ ló gbé mi dé Oǹdó. Ẹ mọ̀ wọ́n: fèrèsé tó tẹ̀ lórí bí òṣùmàrè, òpó róbótó níwájú, òdòdó tí bíríkìlà fi símẹ́ńtì yà sára ògiri, ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn tó la ilé já, bákónì tí bàbá máa ń jókòó sí nírọ̀lẹ́. Àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú lọ sí Brazil, tí wọ́n tàbí ọmọ wọn sì padà wá sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ni wọ́n mú iṣẹ́ bíríkìlà àti káfíńtà yìí bọ̀. Láti Èkó ló ti wọ ìgbèríko, owó kòkó sì ni ó jẹ́ kí oníṣòwò Oǹdó, Iléṣà àti Ìbàdàn lè san án. Nígbà tí owó kòkó dára, ẹni tó tà á dáadáa lọ́dún kan, bíríkìlà ni yóò pè lọ́dún kejì.

Ọ̀gbẹ́ni Pierre Verger, ará Faransé, tí a mọ̀ sí Fátúmbí, rìn káàkiri ilẹ̀ wa àti ilẹ̀ Benin pẹ̀lú Rolleiflex rẹ̀, ó ń ya irú ilé báwọ̀nyí. Ní 1985, àwọn àwòrán rẹ̀ jáde nínú ìwé Marianno Carneiro da Cunha, ará Brazil, lórí ilé aláwòṣe Brazil ní Nàìjíríà àti Benin. Verger kú ní 1996. Fíìmù tó fi sílẹ̀ ní Bahia ju 60,000 lọ. Ìwé yẹn ṣì wà, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú irú ilé bẹ́ẹ̀ ti wó. Ẹ wo Ilójo Bar tó wà ní Tinúbú ní Èkó: 1855 ni ìdílé Fernandez kọ́ ọ, ìjọba kéde rẹ̀ bí ibi àjogúnbá ní 1956, síbẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2016 ni wọ́n fi katakata wó o lulẹ̀ ní ọjọ́ Ìsinmi kan. Bí ibi tí ìjọba ti fọwọ́ sí bá lè lọ bẹ́ẹ̀, kí ni a ó sọ nípa ilé bàbá bàbá ẹni tí kò sí nínú ìwé ìjọba kankan?

Irú ilé bẹ́ẹ̀ kan ni mo lọ yà, ilé àna mi. Bàbá bàbá ìyàwó mi ta kòkó, ó sì kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan tí gbogbo àdúgbò fi ń júwe ọ̀nà. Nígbà tí mo dé, ìpàdé ẹbí ti jókòó lẹ́ẹ̀mejì lé e. Ìdí igi kan fẹ́ wó o kí wọ́n fi ṣọ́ọ̀bù mẹ́jọ síbẹ̀, wọ́n ní bàbá àwọn nìkan ló kọ́ ọ. Ìdí igi kejì ní ẹ̀gbọ́n àti àbúrò ló jọ kọ́ ọ, pé ilé ẹbí ni, ẹ sì mọ òfin ilé ẹbí: ẹnì kan kì í dá a tà, kì í dá a wó. Kò sí ìwé. Àwọn bàbá méjèèjì ti kú tipẹ́. Èmi jẹ́ àna, àna kì í dá sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Mo dọ̀bálẹ̀ fún gbogbo wọn, mo sì gbé ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta mi kalẹ̀ ní òdìkejì títì. Ìdí igi méjèèjì ló fẹ́ kí n yà á, bóyá nítorí pé kò sí ẹni tó lè sọ pé òun kò fẹ́.

Ìyá àgbà, aya àbúrò, tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ní kí n wá jẹun kí n tó ṣe ohunkóhun. Mo ní, “Màmá, òòrùn kò ní dúró dè mí.” Wọ́n ní òòrùn ti ń bọ̀ nílé yìí kí wọ́n tó bí mi. Mo jẹ iyán.

Ní agogo márùn-ún ààbọ̀, òòrùn gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lára ògiri iwájú, gbogbo òdòdó símẹ́ńtì sì yọ. Mo ya iwájú lẹ́ẹ̀mejì, fèrèsé lẹ́ẹ̀kan, àtẹ̀gùn lẹ́ẹ̀kan. Mo lọ sẹ́yìn, mo ya ilé ìdáná àti àgbàlá lẹ́ẹ̀mẹta. Ó parí.

Fíìmù yìí kò ní ẹni tí ń fọ̀ ọ́ nítòsí mi, nítorí náà èmi fúnra mi ni mo ń fọ̀ ọ́, nínú balùwẹ̀ wa, lóru, pẹ̀lú aṣọ dúdú lẹ́nu fèrèsé. Ìwé tó bá oògùn wá sọ pé kí omi tutù tó 20 lórí ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìgbóná. Omi wa kì í dín sí 27. Bí omi bá gbóná, oògùn yóò yára ju bó ti yẹ lọ, àwòrán yóò sì dúdú kọjá ààlà. Omi dídì tí mo rà lọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì ni mo fi yí agolo náà ká. Lẹ́yìn oògùn àkọ́kọ́, omi. Lẹ́yìn omi, háípò, èyí tí kò ní jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ bà á jẹ́ mọ́. Lẹ́yìn náà omi lọ́pọ̀lọpọ̀. Mo fi kílíìpù aṣọ gbé e kọ́ kí ó gbẹ, mo lọ sùn.

Ní òwúrọ̀ mo fi gíláàsì amóhun-tóbi wo ọ̀kọ̀ọ̀kan lójú fèrèsé. Lókè pátápátá lára ògiri iwájú ilé àna mi, lábẹ́ ìtẹ̀ òrùlé, láàárín òdòdó méjì, nǹkan kan wà níbẹ̀ tí kì í ṣe òdòdó. Láti títì, ẹfun àti ọ̀dà tí wọ́n ti kùn lé e láti ọdún dé ọdún ti bò ó. Ṣùgbọ́n òòrùn tó gba ẹ̀gbẹ́ ti fi òjìji tín-ín-rín sí etí rẹ̀, fíìmù náà sì ní àyè tó láti gbé e. Lẹ́tà méjì ni. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ ẹ̀gbọ́n, àti ti àbúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bákan náà ní títóbi.

Mo tẹ àwòrán náà tóbi, mo fún ìyàwó mi, òun ló mú un lọ sípàdé kẹta. Ariwo sọ. Ẹnì kan ní orúkọ bíríkìlà ni. Ẹlòmíràn ní lẹ́tà kì í ṣe ìwé ilẹ̀, òótọ́ sì ni, kì í ṣe ìwé ilẹ̀. Wọ́n pe káfíńtà kan, ó gbé àkàbà ti ògiri, ó fi ọ̀bẹ ha ọ̀dà kúrò lójú gbogbo ẹbí, lẹ́tà méjèèjì sì yọ pẹ̀lú ọ̀dà aláwọ̀ búlúù tí wọ́n fi kọ́kọ́ kùn wọ́n. Olórí ẹbí kò sọ ohunkóhun fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí wọ́n fi iwájú sílẹ̀, kí wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin sí ẹ̀yìn dípò mẹ́jọ, kí àwọn ìdí igi méjèèjì pín in ní méjìméjì.

Báyìí ni ilé ìdáná ṣe lọ, àti àgbàlá, àti ìkòkò omi ńlá tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀. Mo tẹ àwòrán iwájú ilé kan fún ìdí igi kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ti fi férémù sí i. Ìyá àgbà kò gba ti iwájú. Wọ́n ní àwọn mọ iwájú. Ọ̀kan nínú mẹ́ta tí mo yà lẹ́yìn ni wọ́n mú, èyí tí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná wà nínú rẹ̀, tí ẹ̀ẹ́fín ti sọ òkè rẹ̀ di dúdú, wọ́n sì ní kí n gbé e kọ́ ibi tí àwọn ti lè rí i láti orí bẹ́ẹ̀dì.